Ẹni Tó Jókòó Sábẹ́ Aṣọ nílé Karmenu Ayàwòrán

Ohun tó kọ́kọ́ ya Mannubia lẹ́nu ni pé Guza kò sọ̀rọ̀. Guza ìyàwó ayàwòrán, obìnrin Mọ́ltà tó máa ń bá ológbò jà, tó máa ń bá ìkòkò ọbẹ̀ ṣàròyé, òun ló jókòó sábẹ́ aṣọ tí kò kí èèyàn, tí kò wúkọ́, tí kò ní kí wọ́n yára nítorí ooru. Ọwọ́ méjì péré ló yọ lábẹ́ aṣọ, ó gba ọmọ lọ́wọ́ Mannubia, ó gbé e lé itan.

Iṣẹ́ aṣọ yẹn ni iṣẹ́ Mannubia nílé ayàwòrán. Bí ìyá bá gbé ọmọ ọwọ́ wá, ìyá á jókòó sórí àga, Mannubia á da aṣọ bò ó láti orí délẹ̀ bí ẹni bo àga lásán, ọmọ á wá wà lórí itan rẹ̀. Ìyá á rọra dì í mú títí Karmenu á fi ka oókan dé eéje, torí ọmọ tó bá mira, ojú rẹ̀ á dà bí ìgbà tí wọ́n da omi sí yíǹkì. Àwọn obìnrin Túnísì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ojú obìnrin, ọkọ rẹ̀ ló ni ín, àti ará ilé rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí à ń gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ọmọ-ọmọ Mannubia fúnra rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ yà. Mehrez ni wọ́n ń pè é, oṣù márùn-ún ló pé. Ibà pa Shedliya ìyá rẹ̀, ọmọ Mannubia, ní ọjọ́ kẹta tó bí i. Tahar bàbá rẹ̀ wà lójú ogun ní Madagásíkà pẹ̀lú àwọn sójà Faransé, àwọn aláìmọ̀kan sì ti ránṣẹ́ sí i pé ìyá àtọmọ ló kú. Mannubia bẹ akọ̀wé kó kọ lẹ́tà pé ọmọ wà láàyè. Èsì tó wá kò gùn. Tahar ní ẹnikẹ́ni ló lè kọ lẹ́tà tu èèyàn nínú. Bí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ bá ti kọjá, òun á tọwọ́ bọ̀wé iṣẹ́ ogun fún ọdún méje sí i, torí kò sí ẹni tí òun ń bọ̀ wá bá nílé.

Mehrez sì nìyí, tó ní irun funfun ṣóńṣó kan níwájú orí, bíi ti bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá rí i kò tún ní béèrè ẹni tó bí i. Ṣùgbọ́n àwòrán náà gbọ́dọ̀ mọ́, ọkọ̀ tó lè gbé e débẹ̀ kí ọdún tó dé, ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ló ń ṣí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Mannubia ti fúnra rẹ̀ jókòó. Bí aṣọ bá ti bò ó lójú báyìí, ọmọ á figbe ta, á máa yí ọrùn wá a. Gíláàsì méjì tí wọ́n fi ń gba àwòrán ṣòfò bẹ́ẹ̀. Ó ku ẹyọ kan.

Karmenu nu òógùn ojú. Ó ní kí Mannubia dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìyàwòrán níbi tí ọmọ á ti máa rí i, kí Guza lọ sábẹ́ aṣọ. Ó nahùn pe ìyàwó rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó wọ yàrá òkùnkùn lọ múra gíláàsì. Mannubia gbé ọmọ sọ̀ kalẹ̀ lọ pààrọ̀ aṣọ ìdí rẹ̀. Nígbà tó gòkè padà, ẹnì kan ti jókòó, aṣọ ti bò ó, gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀ ló tò létòlétò. Guza kì í tún aṣọ tò.

Mehrez kò wo ibi tí ìyá àgbà dúró sí rárá. Ó fi orí ti àyà ẹni tó gbé e, ó mí kanlẹ̀ bí ọmọ tó mu ọmú yó, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Karmenu kà á dé eéje, ó kà á dé ẹẹ́wàá. Ọmọ kò mira.

Mannubia gba ọmọ, ó dúpẹ́, ó yíjú lọ mú ìbora. Kò pẹ́ tó kéèyàn sín. Nígbà tó máa yíjú padà, àga ti ṣófo, aṣọ ti wà nílẹ̀. Ìgbà náà ló gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Guza ló ń gòkè bọ̀, apẹ̀rẹ̀ ẹja lọ́wọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹja ìjẹta ni ọkùnrin yẹn fẹ́ tà fún mi, mo ní kó gbé e lọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀. Aṣọ dà? Mo ti dé."

Mannubia jókòó. Ilẹ̀ ló jókòó sí, kò sún mọ́ àga yẹn.

Nígbà tí wọ́n tẹ àwòrán náà sórí bébà nínú oòrùn, Mehrez mọ́ kedere, irun funfun náà sì hàn. Lábẹ́ abíyá rẹ̀ ni ọwọ́ obìnrin kan wà. Làálì wà lórí ìka, ìka kékeré sì wọ́ síbi tí ilẹ̀kùn ti fún un nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Mannubia mọ̀, torí òun ló di ọgbẹ́ náà, ó sì sọ fún wọn pé ọwọ́ Shedliya ni.

Karmenu kò rí ibi tó máa fojú sí. Ahun ni, ó máa ń fọ gíláàsì àtijọ́ kó tún un lò, bí kò bá sì fọ̀ dáadáa, òjìji ẹni àkọ́kọ́ á kù síbẹ̀. Ó ní bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, bóyá Shedliya ti wá yàwòrán rí.

"Ọmọ mi kò yàwòrán rí," ni Mannubia wí. "Èmi ni mi ò jẹ́."

Òótọ́ ni. Kí Tahar tó wọkọ̀ ni Shedliya ti bẹ ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n ya òun, kí ọkọ òun lè mú ojú òun dání. Mannubia ní òun mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé àwọn ayàwòrán, òun ti rí ojú ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n ń tà fún àwọn atukọ̀ létí èbúté. Ọmọ náà kò bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Karmenu mú búrọ́ọ̀ṣì kó fi pa ọwọ́ náà rẹ́. Guza gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ṣe bá ọkọ̀ lọ.

Ẹ̀rù ba Mannubia, a ò ní purọ́. Àmọ́ èèyàn lè máa bẹ̀rù kó sì máa dúpẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ó ń gbé oúnjẹ kúsíkúsì lọ fún àwọn afọ́jú, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn.

Oṣù kẹjọ lẹ́yìn náà ni Tahar wọlé, ó rù, ibà ti sọ ojú rẹ̀ di pupa rúsúrúsú. Ó gbé ọmọ, ó sunkún sí i lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló fẹnu ko Mannubia lórí, ó sì fa àwòrán yọ láyà.

"Ìyá, kálámù tí mo fẹ́ fi tọwọ́ bọ̀wé ti wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí àwòrán yìí dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín pé ẹ jẹ́ kó ṣíjú fún mi kó tó kú."

"Ta ló ṣíjú?"

"Shedliya ni, ta ni ìbá tún jẹ́? Àwọn ẹgbẹ́ mi ní aṣọ ni àwọn ń rí. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa rí aṣọ wọn." Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀. "Irun rẹ̀ nìkan ni kò yé mi. Ta ló gé e mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

Mannubia ló gé e, pẹ̀lú àlùmọ́gàjí ìránṣọ, nígbà tí ibà ń jó orí Shedliya bí iná. Òun àti aláìsàn náà nìkan ló wà nínú yàrá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ó gba àwòrán, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Aṣọ ló rí. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Aṣọ náà ni. Ó dùn ún díẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló kúkú jẹ́.

"Alihamudulilahi," ni ó wí. "Ẹni tó lojú ló mọ ẹni tó fẹ́ ṣí i fún."

Ó gbé àwòrán sílẹ̀ lórí ẹní. Mehrez rá wá, ó jókòó tì í. Kò wo ara rẹ̀ tó wà níbẹ̀. Òkè orí rẹ̀ nínú àwòrán ló tẹjú mọ́, níbi tí aṣọ ti ṣẹ́po. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bojú, ó ṣí i. Ó dúró díẹ̀, ó ń wò. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, bí ọmọ ṣe ń ṣe tí ẹni tó ń bá ṣeré náà bá ti ṣíjú tirẹ̀ padà fún un.