Bí Tinú Ṣe Ń Ka Lẹ́tà Tíṣà

"Olè! Olè ni ọmọ tí o bí fún mi, Sàlímọ́tù!"

Láwàlì na pankẹ́rẹ́ sókè. Gbogbo ayálégbé inú ilé náà ní Ajégúnlẹ̀ ti yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ràfátù, ọmọ ọdún mẹ́jọ, sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó di ìró rẹ̀ mú pinpin. Tinú, ìyàwó kékeré, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó mú lẹ́tà tí ọmọ náà mú bọ̀ láti ilé ìwé dání, ojú rẹ̀ rọ̀ bí ojú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

"Tún un kà," ni Láwàlì wí. "Kí ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ yékéyéké."

Tinú wúkọ́ díẹ̀. "Tíṣà ní, ọmọ yín jí rúlà ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Wọ́n ní bí ẹ kò bá gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́ ọ, kí ẹ fi í sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀wé, àwọn máa lé e."

"Irọ́ ni!" Ràfátù ké. "N kò mú rúlà ẹnikẹ́ni!"

"Ṣé o rí i? Ẹnu rẹ̀ ló fi ń bá àgbà jà yẹn!" ni Láwàlì jágbe mọ́ Sàlímọ́tù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ẹni tó ń ka lẹ́tà! Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tó kà yẹn tó wà nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀? Ilé kéú ni Láwàlì lọ ní Ìṣẹ́yìn kó tó wá máa wa lọ́rì ní Àpápá. Sàlímọ́tù kò mọ a yàtọ̀ sí b. Kíláàsì kẹta ni Ràfátù fúnra rẹ̀ wà, kò tíì lè ka ìwé àfọwọ́kọ tí lẹ́tà rẹ̀ so kọ́ra. Tinú nìkan ló lọ sí ilé ìwé módà nínú wọn, tó mọ̀wé kà, ohun tó bá sì sọ pé ó wà nínú ìwé, òun náà ló wà níbẹ̀.

Sàlímọ́tù kúnlẹ̀. "Bàbá Ràfátù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká mú ìwé yìí lọ bá ẹlòmíràn kó bá wa kà á."

"Háà! Ẹ gbọ́ o!" Tinú ká ọwọ́ lérí. "Ìyálé mi ní mo ń purọ́! Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú mi rí ọmọ láyé!"

Obìnrin tí kò tíì bí, tó ń fi ọmọ búra irọ́!

"Ká mú un lọ bá ta?" Láwàlì pariwo. "Kí gbogbo ọjà Boundary lè gbọ́ pé mo bí olè? Ìwé ilé mi kì í jáde! Láti òní lọ, yàrá Tinú ni Ràfátù yóò máa sùn. Tinú ni yóò máa tọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ parí!"

Ọdún tí ìjọba ní kí mọ́tò fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ kó máa gba ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìbẹ̀rù ọ̀nà tuntun náà kò jẹ́ kí Láwàlì nísinmi. Bó bá ti kẹ́rù ní Creek Road ní Àpápá tó dorí kọ Òkè Ọya, ọ̀sẹ̀ méjì ni kó tó padà. Nígbà tó bá sì fi máa dé, lẹ́tà ti wà nílẹ̀ tó ń dúró dè é. Méjì ti wá ṣáájú ti rúlà yẹn. Àkọ́kọ́ ní Ràfátù ń pariwo ní kíláàsì. Ìkejì ní ó lu ọmọ ọlọ́mọ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Ọjọ́ tí wọ́n ka ìkejì, Sàlímọ́tù fúnra rẹ̀ ló na ọmọ rẹ̀, ó nà án títí apá fi ro ó, nítorí ó gbàgbọ́ pé ìwé kì í purọ́.

Karosíìnì ló ń tà ní Boundary. Ó fẹ́ lọ sí ilé ìwé náà lọ́jọ́ kan, Tinú ló dá a dúró. "Ìyálé mi, òyìnbó ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ o. Ta ló fẹ́ kí òórùn karosíìnì máa gbá òun nímú? Ẹ jẹ́ kí n lọ dípò yín." Sàlímọ́tù tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀!

Nígbà tí Ràfátù ti kó lọ sí yàrá kejì, owú wọ inú Sàlímọ́tù bí ikán ṣe ń wọ igi àjà. Láàárọ̀, bó bá ń wọn karosíìnì sínú ìgò, yóò rí wọn tí wọ́n ń kọjá. Aránṣọ ni Tinú, ó ti fi áńkárá kan náà rán aṣọ fún ara rẹ̀ àti fún ọmọ náà. Wọ́n á di ọwọ́ ara wọn mú. Ràfátù á juwọ́ sí i. Nígbà tó yá, ó ń gbàgbé láti juwọ́. Ọjọ́ kan ni Sàlímọ́tù wá fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ: "Mọ́mì, ẹ dúró dè mí!" Karosíìnì ṣàn kọjá ẹnu ìgò, kò mọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ká Tinú mọ́ ilé ìdáná.

"Ta ni ọmọ mi ń pè ní Mọ́mì?"

"Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni. Àbí kó máa pe ẹni tó ń rùn bí àtùpà ní Mọ́mì?"

"Tinú, èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ náà ni! O bí i, o kò mọ̀ ọ́n tọ́. Bí kò bá sí èmi, wọn ì bá ti lé e dànù!"

"Adìẹ tí kò yé, tó ń sàba lé ẹyin ẹlẹ́yin!"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ kó tó mọ̀. Ojú Tinú pọ́n, ó yíjú sí ògiri. Àánú rẹ̀ ṣe Sàlímọ́tù, ó sì kábàámọ̀. Irú ọkàn tí ó ní nìyẹn, ẹni tí wọ́n ń jẹ iṣu rẹ̀ tó tún ń bi wọ́n bóyá wọ́n ní epo.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Sàlímọ́tù kò pàtẹ. Ó fi ọṣẹ wẹ̀ nígbà mẹ́ta, ó fi ìró tó mọ́ jù ró, ó gba ilé ìwé lọ. Kì í ṣe pé ó fura. Ẹ̀bẹ̀ ló lọ bẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà kíláàsì kẹta, ó kúnlẹ̀ síwájú Tíṣà Ebiere, ọmọ Ìjọ̀ tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀, tó gbọ́ Yorùbá bí ẹní mumi.

"Tíṣà, ẹ ṣàánú mi nítorí Ọlọ́run. Ẹ má lé ọmọ mi. Bó bá jalè, èmi ni kẹ́ ẹ nà."

"Mama, abeg, ẹ dìde! Ta lọmọ yín?"

"Ràfátù Láwàlì."

Ebiere wò ó tìyanutìyanu. "Mama, mo mọ ìyá Ràfátù. Ó máa ń wá síbí. Aránṣọ ni." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin ni Mama tó ń ta karosíìnì nílé wọn?"

"Èmi ni."

"Ẹ má bínú. Wọ́n sọ fún wa pé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni yín, pé látìgbà tí ọmọ yín ti kú, orí yín kò fi bẹ́ẹ̀ pé mọ́. Wọ́n ní bí ẹ bá wá mú Ràfátù, ká má fún yín."

Látìgbà tí ọmọ yín ti kú! Sàlímọ́tù di férémù ilẹ̀kùn mú. Kò pariwo, kò ṣépè.

"Tíṣà, wò mí dáadáa," ló wí. "Lẹ́yìn náà, kó o lọ wo ọmọ náà."

Ebiere wò ó. Ó rí èjí tó wà nínú eyín rẹ̀, ó rí etí rẹ̀ tó yọ síta díẹ̀. Ó bojú wo inú kíláàsì, níbi tí Ràfátù jókòó sí. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Jésù! Mama, ta ló sọ fún yín pé ó jalè? Ọmọ yín ló ń gba ipò kìíní! Lẹ́tà àkọ́kọ́, mo ní kẹ́ ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń kàwé. Lẹ́tà kejì, ọ̀gá wa ní òun fẹ́ kó fo kíláàsì kẹrin lọ sí ìkarùn-ún. Ìkẹta, mo ní kí bàbá rẹ̀ wá síbi ìpàdé òbí tí yóò wáyé ní Jímọ̀ yìí."

"Lẹ́tà kejì..." Sàlímọ́tù jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé. "Ọjọ́ yẹn ni mo nà án." Ó sunkún bí ẹni tó ṣòfò.

"Mama, ká lọ bá ọkọ yín nílé nísinsìnyí!"

"Rárá o. Tinú á ní mo lọ kọ́ ọ ní ohun tó o máa sọ. Kó wá fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ níbí."

Nígbà tó délé, kò sọ ju pé òun gbọ́ pé ìpàdé òbí wà. Tinú fò sókè. "Ẹ̀yin méjèèjì á kàn jókòó bí odi ni! Èmi á lọ ṣojú yín."

"Mo fẹ́ lọ bẹ ọ̀gá wọn nítorí olè tí mo bí," ni Láwàlì fèsì.

Nígbà tí Jímọ̀ dé, Tinú ní orí ń fọ́ òun, inú ń run òun. "Ta ni yóò wá túmọ̀ òyìnbó fún wa?" ni ọkọ rẹ̀ wí. "Dìde!"

Tinú lọ sápamọ́ sẹ́yìn òpó kan nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé náà. Ṣùgbọ́n ojú Ọ̀gá Ambrose, olórí ilé ìwé, mú ṣáṣá. Ó pe orúkọ Ràfátù, ó ní òun ló ṣe dáadáa jù lọ, ó wá nawọ́ sí ìdí òpó.

"Mọ́mì Ràfátù! Madam, why you dey hide? Ẹ bọ́ síwájú!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Tinú kò mira.

Láwàlì dìde. "Ọ̀gá, ẹ ṣì í mú. Ìyàwó mi kékeré nìyẹn, kò tíì bímọ. Ìyá Ràfátù nìyí."

"Baba, ṣé ẹ̀gbọ́n yín tí ara rẹ̀ kò yá kọ́ nìyẹn?" ni Ọ̀gá Ambrose bi í.

"Ẹ̀gbọ́n bí ti báwo? Ìyàwó tí mo fẹ́ ní ọlọ́mọge ni!"

Ebiere bọ́ síwájú, ó sọ ohun tó wà nínú lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Yorùbá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló mú èsì tí wọ́n kọ padà sí i jáde, ó kà á. "'Mo dúpẹ́ fún ìtọ́jú ọmọ mi. Èmi tí mo bí i, Tinú Láwàlì.'"

"Yéè! Ìkà rè é o!" Philomena, ayálégbé bíi tiwọn tó ti rí gbogbo pankẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn, ló ké bẹ́ẹ̀.

Láwàlì gbé ọwọ́ sókè láti gbá Tinú létí. Sàlímọ́tù di ọwọ́ náà mú.

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ọwọ́ yìí ti na ẹni tí kò ṣẹ̀ rí. Ta ló ní ìwé ilé òun kì í jáde? Ẹ̀yin lẹ bá a ti ilẹ̀kùn mọ́ wa!"

Láwàlì jókòó.

"Ọdún méje ni mo ti ń retí ọmọ!" Tinú bú sẹ́kún. "Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wá síbí, tíṣà kan ní, 'Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì Ràfátù.' Ó yẹ kí n ní èmi kọ́. Ó dùn mọ́ mi, n kò lè sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò pè mí ní ìyá rí! Mo rò pé bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á di tèmi."

"Ká ní o bẹ̀ mí pé kí n fún ọ ní ọmọ tọ́, ǹ bá fún ọ," ni Sàlímọ́tù wí. "Ṣùgbọ́n o ní wèrè ni mí. O ní ọmọ mi ti kú, Tinú!"

Ọ̀gá Ambrose ṣí ìwé ńlá tí orúkọ àwọn òbí wà, ó fa igi lórí orúkọ Tinú, ó kọ ti Sàlímọ́tù. Sàlímọ́tù fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó pe Ràfátù sọ́dọ̀. "Dárí jì mí, ọmọ mi."

"Mo sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn pé n kò jà."

"O sọ fún mi. Èmi ni n kò gbọ́."

Ohun tí owú gbìn, ìtìjú ló fi kórè. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn oníbàárà Tinú ti wá kó aṣọ wọn lọ, àwọn míì kò tilẹ̀ kí i. Láwàlì ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí Tinú ní Abẹ́òkúta, ẹ̀gbọ́n bàbá Tinú sì wá mú un ní ọjọ́ Àìkú. Bí Tinú ṣe ń gbé àpótí rẹ̀ kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ilé ń yínmú sí i. Lójijì ni Ràfátù sáré jáde, ó dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ń sunkún.

Owú tún gún Sàlímọ́tù láyà bí abẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sún síwájú kí ó tó kó ara rẹ̀ níjàánu. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó jẹ́ kí wọ́n sunkún náà tó. Nígbà tó yá, ó pe ọmọ náà.

"Ràfátù, wá jẹun."

Ọmọ náà tú ọwọ́ rẹ̀, ó sì wá.