Fìlà Tí Fàúsátù Kò Hun

"Orí ta ni o fẹ́ dé fìlà yìí sí, Fàúsátù? Orí ènìyàn àbí orí ọsàn?"

Abọ́sẹ̀dé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó mú ọsàn kan nínú igbá ìyá rẹ̀, ó dé fìlà òwú funfun náà sí i lórí, ọsàn wá jókòó bí lèmọ́mù kékeré tó ń múra láti pe ìrun. Nígbà mìíràn, Fàúsátù ìbá rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn ún. Lọ́jọ́ yìí, omi ló lé ròrò sójú rẹ̀.

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, jàre. Ọ̀la ni!"

Ọ̀la, ọjọ́ Jímọ̀, ni Ìyá Títílayọ̀, ahunfìlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé sí Òjó láti Ìsàlẹ̀ Èkó, yóò mú ọmọ-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ mú fìlà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun wá. Ọ̀dọ̀ ìyá náà ni ọmọ tó bá mú yóò máa gbé, ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun, ibẹ̀ náà ni yóò ti máa lọ sí ilé-ìwé.

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé yìí gan-an ló ká Fàúsátù lára. Láti ọjọ́ tí Dáúdà bàbá rẹ̀ ti já bọ́ lórí igi àgbọn, tó dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde, ilé wọn ti dorí kodò. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin sì ti ránṣẹ́ láti Ìjàníkìn pé lọ́jọ́ Sátidé òun ń bọ̀ wá mú ọmọ náà, kó wá máa bá òun bẹ ẹ̀gẹ́. Bí Ìyá Títílayọ̀ kò bá mú Fàúsátù, ìwé kíkà parí nìyẹn.

Ṣé Fàúsátù kò mọ fìlà hun ni? Ó mọ̀ ọ́n hun kẹ̀! Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyẹn. Abọ́sẹ̀dé ló ń kọ́ ọ. Bí ó bá jókòó tì í, tó fi ọwọ́ ọ̀tún di abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu ìkọ́ mú, òwú á fún pinpin, fìlà á kéré bí èso. Bí ó bá dẹwọ́, fìlà á fẹ̀ bí agbọ̀n ẹja. Àmọ́ lọ́jọ́ kan tó jókòó kọjú sí Abọ́sẹ̀dé, bí ẹni ń wo dígí, tó gbé abẹ́rẹ́ sí ọwọ́ òsì, kíá ni òwú bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó hun fìlà kan parí. Fìlà náà wọ́ díẹ̀ létí, ṣùgbọ́n ó ṣe é dé sórí ènìyàn.

Ni Àríkẹ́ ìyá rẹ̀ bá rí i. Ó figbe ta bí ẹni tí ejò bù jẹ.

"Ọwọ́ òsì! Ọwọ́ tí a fi ń ṣan ìdí lo fi hun fìlà ìrun? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ìwọ fẹ́ fi hun fìlà Alájì! Fi ẹ̀sín yìí pamọ́ kí Ìyá Títílayọ̀ tó lé wa kúrò lójúde rẹ̀!"

Fàúsátù ti fìlà náà bọ abẹ́ ẹní bàbá rẹ̀. Ó padà sí ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún sì bí fìlà ọsàn.

Abọ́sẹ̀dé wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Ìbà fi fìlà kan tó hun sílẹ̀ nílé wa. Mú un lọ. Ta ló máa mọ̀?"

"Irọ́ nìyẹn, Abọ́sẹ̀dé."

"Irọ́ kékeré ni. Àbí ẹ̀gẹ́ Ìjàníkìn ló wù ọ́?"

Láti inú yàrá, Dáúdà kérora. Nígbà tí Abọ́sẹ̀dé lọ mú fìlà náà dé, Fàúsátù na ọwọ́, ó gbà á.

Nígbà tí wọ́n kí ìrun Jímọ̀ tán, àwọn ọmọbìnrin tò síwájú Ìyá Títílayọ̀. Bàbá Gbàdàmọ́sí, oníbàárà rẹ̀, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú fìlà tuntun lórí, ó ń ṣe adájọ́ tí ẹnikẹ́ni kò yàn. "Ajọ̀ ni èyí," ló sọ nípa fìlà ọmọ kan tó lu jára. "Ẹ fi jọ èlùbọ́!"

Ó kan Fàúsátù. Ìyá Títílayọ̀ yí fìlà náà síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fà á wò.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Dáúdà tó ń gun àgbọn ni, ìyá mi."

"Ìwọ ni mo mú."

Háà! Fàúsátù kúnlẹ̀ gbì. Ó fẹ́ sunkún, ó fẹ́ fò sókè, ó fẹ́ sáré lọ bá bàbá rẹ̀.

"Nǹkan kékeré kan ló kù," ni ìyá náà wí. "O kò tíì so ẹnu òwú rẹ̀. Gba abẹ́rẹ́, so ó kí n rí i."

Abọ́sẹ̀dé ló máa ń bá a so ó; kò sẹ́ni tó kọ́ Fàúsátù ní síso. Ó rí òwú tó rọ̀ dirodiro létí fìlà, ó ní bóyá bí òun bá fà á, yóò le. Ó fà á. Fàà! Ìlà kan tú. Ẹ̀rù bà á, ó tún fà á. Fàà, fàà, fàà! Etí fìlà lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, àtàrí rẹ̀ náà tẹ̀ lé e.

"Yéè!" ni Bàbá Gbàdàmọ́sí kígbe. "Fìlà ti di irùngbọ̀n òbúkọ!"

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, àfi Ìyá Títílayọ̀.

"Ẹni tó hun fìlà á mọ ibi tó parí sí. Ta ló hun èyí?"

Fàúsátù jẹ́ kí òwú já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n Abọ́sẹ̀dé ni. Èmi náà hun tèmi, àmọ́ ọwọ́ òsì ni mo fi hun ún. Wọ́n ní ẹ ò ní gbà á."

Ìyá Títílayọ̀ kó òwú tó tú náà sórí itan. Ó mú abẹ́rẹ́. Ọwọ́ òsì ló fi mú un! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun, ọwọ́ náà ń sáré bí ẹsẹ̀ ọ̀kẹ́rẹ́.

"Kí lo rò pé ó fà á tí mo fi ní fìlà ni kí ẹ mú wá, tí n ò ní kí ẹ wá hun ún lójú mi? Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wo ọwọ́."

"Fìlà tó wà lórí mi yìí ńkọ́?" Bàbá Gbàdàmọ́sí já a sọ nù bí ẹni tí ìjàlọ ta. Ó wo fìlà nílẹ̀. Oòrùn sì ń jó o lórí pípá. Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbọn fìlà náà, ó dé e padà. "Ó kúkú bá mi lórí mu."

Ìrètí sọ lọ́kàn Fàúsátù. "Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n sáré lọ mú tèmi wá!"

Ìyá Títílayọ̀ mi orí. "Ká ní o mú un wá lẹ́ẹ̀kan, bó ti wù kó wọ́ tó, ǹ bá mú ọ. Òwú tó tú ṣe é tún hun. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wo ojú mi, tó fi iṣẹ́ ẹlòmíràn wá àyè, báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ilé mi sílẹ̀ fún un? Dìde, ọmọ mi. Máa lọ."

Fàúsátù yí nílẹ̀. Bàbá Gbàdàmọ́sí pàápàá bá a bẹ̀bẹ̀. Ọmọ tó hun ajọ̀ ni Ìyá Títílayọ̀ nawọ́ sí, ó mú un.

Lọ́jọ́ Sátidé, bọ̀lẹ́kájà gbé Fàúsátù àti ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìjàníkìn. Àríkẹ́ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń sunkún, ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ṣùgbọ́n ẹkún kì í dá ọkọ̀ dúró. Lọ́dún náà, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ka ìwé, ẹ̀gẹ́ ni ó ń bẹ.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kà á, ẹ má ṣì í gbọ́ o. Bí iṣẹ́ ọwọ́ yín bá wọ́, ẹ gbé e jáde bó ṣe wọ́. Ẹni tó máa kọ́ yín á rí ibi tí yóò tún ṣe. Kì í ṣe ọwọ́ òsì ló lé Fàúsátù kúrò ní Òjó. Fìlà ẹlòmíràn ni.