Kànga Oníyọ̀ Agboolé Àmọ̀dá

Irọ́ kọ́ nìyí. Kànga náà ṣì wà l'Ọ̀tà. Pákó ni wọ́n fi bò ó, wọ́n sì gbé ọlọ lé pákó lórí. Ẹni tó bá rò pé àwàdà ni, kó lọ gbé ọlọ náà kúrò.

Ayé ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ni. Ọ̀gbẹlẹ̀ mú lọ́dún yẹn. Mùíbátù, ìyàwó kékeré Baálé Àmọ̀dá, ló ń yan ẹja tà. Lọ́jọ́ kan, Bàdírù onílọ́rì gbé abo àkurákudà kan, ẹja òkun ńlá eléyín ṣóṣó, wá fún un láti etíkun Àgbádárìgì. Ikùn ẹja náà rí rogodo.

"Ìyá Fàlílù, eléyìí kì í yé ẹyin bíi ti ẹja yòókù. Ọmọ ló ń bí, bí ewúrẹ́. Tí ẹ bá bá wọn láàyè nínú rẹ̀, ẹ dá wọn padà sókun o," ni Bàdírù wí.

"Èmi? Pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi yìí?"

Ó la ikùn ẹja náà lọ́sàn-án gangan. Ọmọ mẹ́fà. Ìyá wọn ti kú láti àná. Àwọn ọmọ ń mí. Ojú wọn là sílẹ̀, wọ́n ń wò ó.

Lọ́rì Bàdírù ti lọ, ìrìn ọjọ́ méjì sì ni òkun. Láti ìdájí ni Mùíbátù sì ti ń la igi, ẹ̀yìn ń ro ó. Ó wọ̀tún, ó wòsì. Ó dà wọ́n sí kànga. Omi ṣáà lomi. Ó gé ìyá wọn, ó yan án. Gbogbo agboolé ló jẹ nínú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ràfátù ìyálé tu omi jáde lẹ́nu.

"Iyọ̀! Mùíbátù, ṣé o fẹ́ fi gbogbo wa se ọbẹ̀ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọ̀sán, kànga gbẹ dé yanrìn. Nírọ̀lẹ́, ó kún dé etí. Òjò ò rọ̀. Ìró kan ń ti ìsàlẹ̀ wá, ṣáà, ṣáà, bí ìgbì létí òkun. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Baálé ò pariwo. "Ẹni tó ba kànga jẹ́ yóò jáde nílé yìí. Ọmọ rẹ̀ ò ní bá a lọ."

Mùíbátù wo Fàlílù ọmọ rẹ̀, tó ń fi èékánná ha oúnjẹ tó gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò jẹ.

Nígbà tí omi tún fà, ó ju garawa sí kànga. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló fà á. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọmọ ẹja náà ń wọ inú rẹ̀, bí ẹni tó ti ń retí. Ó rù wọ́n nínú ìkòkò, ó rìn ín lọ́jọ́ méjì, ó dà wọ́n sókun. Wọn ò wẹ̀yìn. Ó tún rìn ín lọ́jọ́ méjì padà.

Ràfátù jókòó jìnnà sí kànga.

"Ìyálé mi, ṣé omi ti dùn?"

"Rárá. Baálé ń retí rẹ."

Mùíbátù sọ garawa sínú kànga. Nǹkan kan rọra kan garawa náà nísàlẹ̀. Ó lọ. Ó padà wá. Ó tún kàn án, jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń fọwọ́ wá ọmọ rẹ̀ lórí ẹní nínú òkùnkùn. Mùíbátù bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ohun ńlá kan yí padà lábẹ́ omi. Ikùn rẹ̀ funfun. Ó là gbaragada.

Ìyá àwọn ọmọ ẹja náà ni, ìyẹn tí gbogbo wọn ti jẹ tán.

"Mo ti kó wọn lọ sílé," ni Mùíbátù wí sísàlẹ̀. Ó jókòó sétí kànga.

Fàlílù wá dúró tì í. "Ìyá, wọ́n ní ẹ máa lọ, ẹ ó sì fi mí sílẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?"

Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú. Garawa tún mì; ìyá ẹja ṣì ń wá àwọn ọmọ rẹ̀. Omi ti ń kún bọ̀.