Òjò Kọ́ La Fi Ń Wọn Odò

Òjò àná ti dá, odò sì kún dé bèbè. Kíámọ́sá, jórin-jórin tó ń ṣe ẹnu páìpù tuntun fún ẹ̀rọ tó ń fa omi sí ìlú, ti fi ọ̀pá irin wọ̀n ọ́n tán, inú rẹ̀ dùn.

"Omi rèé! Ká jó ẹnu páìpù mọ́ ibí, ká máa lọ sílé."

Ìyá rẹ̀ tó gbé oúnjẹ wá fún un rẹ́rìn-ín. "Àlejò lo ń wọ̀n, ọmọ mi. Òjò ló gbé e wá, yóò padà sílé rẹ̀."

"Ẹ̀yin náà, Màámi! Irú odò yìí?"

"Ṣé o rí ibi tí omi ti ń yí po lókè odò lọ́hùn-ún? Àpáta ló wà níbẹ̀. Lọ́dún ọ̀dá, tí mo lóyún rẹ, orí ẹ̀ ni mo jókòó sí tí mò ń bu omi nísàlẹ̀."

Kíámọ́sá yíjú wo ibẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ lóyún, àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò bí, omi ẹ̀rọ yìí kan náà ni ilé ìwòsàn ń lò.

Ẹnjiníà obìnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ti dé ẹ̀yìn wọn. "Ẹ ṣeun, Màmá. Ohun tí mo fẹ́ bi àwọn àgbà gan-an nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ àpáta yẹn là ń gbé páìpù lọ, níbi tí omi ìfọṣọ àti ti ìfọ-alùpùpù tí wọ́n ń dà sísàlẹ̀ odò kò lè dé. Ẹnu páìpù yóò wà nísàlẹ̀ ibi tí omi fà dé lọ́dún ọ̀dá, ṣùgbọ́n kò ní kanlẹ̀. Kíámọ́sá, tí wọ́n bá tẹ ẹnu rẹ mọ́ ẹrẹ̀, ṣé omi lo máa mu?"

"Rárá o. Àwọ̀n irin ẹnu ẹ̀ ńkọ́? Ewé máa ń dí i, mo fẹ́ yọ ọ́."

"Kí ẹ̀rọ gbé igi mì, kó kú? Ṣe méjì. Bí a bá ń fọ ọ̀kan, èkejì á máa ṣiṣẹ́."

"Yóò gbà tó ọjọ́ mẹ́wàá!"

"Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi gbé ọ," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣé mo kánjú?"

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, àpáta yọrí síta, àwọn ọmọdé ń sáré lórí ẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ṣí ẹnu ẹ̀rọ inú yàrá ìbímọ, omi tú yàà, wọ́n fi wẹ ọmọ tuntun Kíámọ́sá. Kíámọ́sá gbọ́ ìró omi náà láti ìta, ó sì sunkún ayọ̀.

Ẹ̀yin ará, bí wọ́n bá ń ṣe ẹ̀rọ omi ládùúgbò yín, ẹ béèrè ibi tí omi máa ń fà dé lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ má da ìdọ̀tí sí apá òkè odò tó wà ṣáájú ẹnu páìpù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ àwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ rántí ọdún ọ̀dá, ẹ má dákẹ́. Ọmọ tí a kò tíì bí ń retí omi náà.