Ọjọ́ Tí Sẹ́ẹ̀lì Ìbíkẹ́ Di Ọkàn

Omijé ni Ajíbádé kọ́kọ́ rí. Ìbíkẹ́ fi ojú kan wo inú máíkírósíkóòpù, omi ń ṣàn lójú kejì dé àgbọ̀n, kò sì nù ún.

"Wọ́n ní ẹ̀rọ kan bàjẹ́," ni Ajíbádé wí. Ọmọ Ìwópin ni, òun ló ń tún ẹ̀rọ ṣe ní yunifásítì Àgó-Ìwòyè.

"Sẹ́ẹ̀lì mi ni kò gbọ́ràn."

Ara ọlẹ̀ eku ni wọ́n ti mú sẹ́ẹ̀lì náà. Bí oògùn kan bá wà nínú oúnjẹ wọn, irú ara wọn ni wọn yóò máa bí. Bí Ìbíkẹ́ bá yọ ọ́ ni wọ́n ń di iṣan, tàbí ọkàn. Ìgbà tí wọ́n ń pinnu ohun tí wọn yóò dà gan-an ló ti ń ṣèwádìí láti ọdún mẹ́ta; ṣùgbọ́n wọ́n ń yí padà kí ó tó yọ oògùn.

Ajíbádé fọwọ́ pa ilẹ̀kùn ẹ̀rọ tó ń mú wọn móoru. "Rọ́bà ti gbó. Ooru ń jò. Ẹ̀rọ yín ń purọ́ fún yín, àǹtí."

"Èmi kọ́ ni àǹtí yín."

"Kí ni kí n máa pè yín?"

Ìbíkẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ tún un ṣe ná."

Ajíbádé tún un ṣe, ṣùgbọ́n kò yé yà síbẹ̀. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "ìwọ". Wọ́n fẹ́ ṣègbéyàwó, àmọ́ bàbá Ìbíkẹ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọmọ ìjọ Áńgílíkà paraku, ní òun kò ní fi ọmọ fún Aládùúrà bíi Ajíbádé tó ń fẹsẹ̀ lásán rìn. Ajíbádé dọ̀bálẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìbíkẹ́ kò bá bàbá jà, kò sì fi Ajíbádé sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án tí Ìbíkẹ́ yọ oògùn, ó ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ wo inú máíkírósíkóòpù.

"Kí ló ń sọ kì-kì yìí?"

"Sẹ́ẹ̀lì ọkàn ni, Bàámi. Mo ti mọ ìgbà tí wọ́n ń pinnu: lọ́jọ́ kejì ni. Lẹ́yìn ìyẹn, bí mo tilẹ̀ dá oògùn padà, wọn kì í padà sẹ́yìn."

Bàbá kò tètè gbé orí. Àìsàn ọkàn ló pa ìyàwó rẹ̀ nígbà tí Ìbíkẹ́ wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá.

"Ta ló bá ọ tọ́jú wọn?"

Ìbíkẹ́ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ajíbádé yọ síta, ó dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Dìde," ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Sọ fún àwọn ẹbí rẹ ní Ìwópin kí wọ́n wá rí mi. Ìwọ náà, kí o wọ bàtà wá."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, Ìbíkẹ́ ti wọ léèsì tán kí ó tó rántí pé sẹ́ẹ̀lì kò tíì jẹun. Òun àti Ajíbádé jọ lọ sí yunifásítì. Ajíbádé bá a ká apá aṣọ sókè.

"Ṣé o ó máa bá mi wá báyìí?"

"Títí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ yóò fi mọ ohùn mi."

Ìbíkẹ́ bọ́ wọn tán, ó pa ilẹ̀kùn ẹ̀rọ dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.