Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí Kò Kúrò ní Bọ́lọ́rundúró

Ẹnu ìjà ni ìfẹ́ Ọláìtán àti Dárasími ti bẹ̀rẹ̀. Ọláìtán ló ṣe áàpù tí wọ́n fi ń ka igi kòkó àwọn àgbẹ̀. Dárasími, ọmọ Oǹdó tó ń ṣiṣẹ́ náà ní Bọ́lọ́rundúró, gbé fóònù iṣẹ́ rẹ̀ ká a mọ́ Àkúrẹ́.

"Ọ̀gá, bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí kí iye igi lè lọ, á kàn máa yí bí òòyì. Ṣé kí n máa sùn sóko ni?"

"Ẹ má bínú. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́hùn-ún ni. Ẹ fún mi lọ́sẹ̀ kan."

Ó tún un ṣe. Bí èèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́, áàpù á kọ "Ó ti lọ" lójú ẹsẹ̀, á wá máa wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lábẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú Dárasími dùn. Láti orí igi kòkó, wọ́n bọ́ sórí "ṣé o ti jẹun?" nínú áàpù náà, ìfẹ́ sì wọ̀ wọ́n lẹ́wù.

Lọ́dún kejì, Dárasími dédé dákẹ́. Ọláìtán pè é títí, kò gbé e. Ó lọ sí Oǹdó, bàbá Dárasími ò jẹ́ kó wọlé. Ó gbà pé wọ́n ti rí ẹni tó dáa ju òun lọ.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé látinú áàpù náà: "Àyànfẹ́ mi, bàbá mi ránṣẹ́ sí mi lóko pé kó o mú àwọn èèyàn rẹ wá mọ̀ wá ní Sátidé. Mo ti ní ẹ ń bọ̀."

Ọláìtán wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́: oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni. Fóònù Dárasími, tó ń ṣọ́ bátìrì lò, ti dá wíwá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lábẹ́lẹ̀ náà dúró, kò sì tún bẹ̀rẹ̀ àfi ìgbà tí wọ́n padà ṣí áàpù. Ó wọkọ̀ Oǹdó lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹnu géètì ilé wọn ni Dárasími ti pàdé rẹ̀, Ọláìtán sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà hàn án. "Mo fẹ́ dá fóònù iṣẹ́ wọn padà ni mo fi ṣí áàpù náà. Mò ń lọ sílé ọkọ lóṣù tó ń bọ̀."

"Dára mi, òní ló dé ọ̀dọ̀ mi."

"Ṣebí ó ní ó ti lọ."

"Èmi ni mo ní kó máa sọ bẹ́ẹ̀ kó tó lọ, kó o má bàa máa dúró."

Omi bọ́ lójú Dárasími. "Mo dúró, Ọláìtán. Ẹbí mi kún pálọ̀ láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Bàbá mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan oúnjẹ kí ẹ tó dé."

"Jẹ́ kí n bẹ̀ wọ́n."

"Wọ́n ti gba àwọn ará ilé Kìtán, àfẹ́sọ́nà mi, lálejò. Bàbá mi ò lè tún pe ẹbí jọ kí wọ́n ní fóònù ló fà á. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu."

"Ṣé o fẹ́ràn Kìtán?"

Dárasími nu ojú rẹ̀. "Ọjọ́ tó ní òun ń bọ̀ ló wá."

Ọláìtán dọ̀bálẹ̀ síhà ilé náà, níbi tí bàbá ò ti lè rí i, ó sì padà sí Àkúrẹ́.