Ọjọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣọ́ Ìgbì Oòrùn

"Kí irun má hù lórí mi mọ́ bí irọ́ kan bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí!"

"Irun wo?" ni bábà tó ń fá orí mi fèsì. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń dúró de àga rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ fetí sílẹ̀ jàre. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń kọ́ṣẹ́ wíwo oòrùn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó ga ju òkè lọ. Mo yojú sí i rí. Oòrùn ló kọ́kọ́ ṣẹ́jú. Àpá dúdú wà lára oòrùn, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì wà lórí àpá náà. Inú afẹ́fẹ́ yẹn ni ìgbì ń gbà gòkè, ọ̀kan ń tẹ̀ lé ọ̀kan, wọn kì í sinmi.

Ẹ̀gbọ́n mi náà kì í sinmi. Bàbá wa ń ṣàìsàn. Òun ló ń gbé wọn dìde, òun ló ń fọṣọ wọn, kó tó wá lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá dé. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, ilé yá. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi jókòó síbi kọ̀ǹpútà tó ń fi ìsàlẹ̀ afẹ́fẹ́ náà hàn, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tá à ń pè ní Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ máa wo òkè. Bí ìgbì ńlá kan bá kọjá, kí kálukú sọ ìgbà tó rí i.

Oorun gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ó hanrun débi pé mo gbọ́ ọ láti ilé! Nígbà tó ta gìrì, ìgbì ti lọ.

"Ọ̀rẹ́, ìgbà wo lo rí i?" ló rọra bi í.

"Aago mẹ́wàá gééré."

Ọ̀gá wọn, ìyá àgbàlagbà kan, wọlé. "Ìgbà wo ló kọjá lọ́dọ̀ rẹ?"

"Aago mẹ́wàá gééré, mà."

"Ìwọ ńkọ́?"

Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ wolẹ̀. "Aago mẹ́wàá gééré, mà."

Ìyá náà mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi, ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn, ṣé ó lè tẹ ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè lẹ́ẹ̀kan náà? Ìsàlẹ̀ ni ìgbì ti ń bọ̀. Ìwọ ló yẹ kó o kọ́kọ́ rí i."

Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Ti ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo sùn ni. Bàbá mi..."

"Ká ní o ti sọ bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá ní kó o lọ sinmi, kó o padà wá ṣe é lọ́la. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kó rẹni. Àmọ́ ẹni tó ń firọ́ bo àárẹ̀ ò lè bá mi ṣọ́ oòrùn. Kó ẹrù rẹ."

Ó ti padà sílé báyìí, ó ń tọ́jú bàbá. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, bó bá rẹ̀ yín, ẹ sọ pé ó rẹ̀ yín. Irọ́ kì í fúnni nísinmi. Èmi gan-an, lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ gbá ìgbì kan mú...

"Máa lọ sílé!" ni gbogbo wọn pariwo.

Bábà bọ́ aṣọ kúrò lọ́rùn mi. "Ẹ̀gbọ́n rẹ nìkan ló ń gbé bàbá yín dìde, ìwọ wá jókòó síbí. Lọ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, kó lọ sùn."